Ìbò: ọ̀rọ̀ kékeré tí ó ru ẹrù ńlá

 

Ní ọjọ́ Olúwa kan, lẹ́yìn Mísà, bí a ti ń kó ìwé orin jọ, abiamọ kan tọ̀ wá wá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kúnlẹ̀ kí wa, ó ní: "Kátékísì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni mo ní. Èkíní ni pé obìnrin kan ní ọjà sọ pé kò yẹ kí onígbàgbọ́ máa dìbò, nítorí pé ìbò ni ohun tí babaláwo ń fi sí ènìyàn lọ́wọ́. Ṣé òótọ́ ni?" Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Èkejì ni pé bàbá àwọn ọmọ ti gba káàtì ìdìbò mi. Wọ́n ní àwọn yóò bá mi tọ́jú rẹ̀, àti pé bí ọjọ́ bá pé, àwọn ni yóò sọ ibi tí n ó tẹ̀ka sí fún mi. Bí mo bá dé inú yàrá náà, tí mo ṣe ohun tí ọkàn mi fẹ́, tí mo sì dákẹ́, ṣé mo ti dẹ́ṣẹ̀?"

A ní ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ kìíní lẹ́nu, nítorí pé wọ́n kọ́ wa nígbà tí a wà ní sẹ́mínárì. Ní ti èkejì, a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fún wa ní àyè kí a ronú. Ojú ewé ti oṣù yìí ni ìdáhùn wa. Kì í ṣe òun nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, ìdí nìyẹn tí a fi ń dáhùn ní gbangba.

Ìbò lọ́wọ́ àwọn baba wa

Kí a tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ó ti ń bọ̀. Èdè wa kì í fi ohùn ṣeré. Ibo ni a fi ń béèrè ọ̀nà, ìbò ni a ń dì, ìbọ sì ni ohun tí àwọn abọ̀rìṣà ń ṣe. Ọmọ ilé-ìwé tí ó bá kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láìfi àmì sí wọn, ó ti da ọjà rú mọ́ ẹni tí yóò kà á lọ́wọ́.

Kí ìjọba tó gbé àpótí dé ilẹ̀ wa, ìbò ti wà. Ohun kékeré kan ni, tí a fi ń mú ọ̀kan nínú méjì, tàbí ọ̀kan nínú ọ̀pọ̀, láìjẹ́ pé ojú ẹnikẹ́ni ni ó yàn án. Lọ́dọ̀ àwọn onífá, owó ẹyọ àti egungun kékeré ni ó sábà máa ń jẹ́. Ẹni tí ó wá béèrè ọ̀rọ̀ yóò di ọ̀kan mú ní ọwọ́ ọ̀tún, èkejì ní ọwọ́ òsì, yóò sì pa àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dé. Ọ̀kan dúró fún bẹ́ẹ̀ni, èkejì dúró fún bẹ́ẹ̀kọ́. Babaláwo kò rí èyí tí ó wà nínú ọwọ́ wo. Odù tí ó bá jáde ni yóò sọ ọwọ́ tí a ó ṣí. Ẹ rí i pé dídì ni a ń di ìbò, inú ìkúùkù ni ó ń gbé. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì pe ìbò, etí rẹ̀ kò lè ṣàì gbọ́ bò nínú rẹ̀: ohun tí a bò, tí ojú kò tó.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ ti onífá nìkan. Bí àwọn ọmọ ìyá bá fẹ́ pín ilẹ̀ oko, tí olúkúlùkù sì ń wo apá tí ó sún mọ́ odò, wọ́n lè ṣẹ́ igi gígùn àti igi kúkúrú, kí wọ́n ní kí kálukú fa ọ̀kan yọ. Bí àwọn ìyá wa ní ọjà bá dá èsúsú, tí gbogbo wọn sì fẹ́ kó owó ní oṣù kìíní, wọ́n lè dìbò sí i. Kí ni ó dára nínú rẹ̀? Ó ń pa ariwo. Ẹni tí ìbò kò mú kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ, kò sì lè bínú sí ẹnikẹ́ni.

Ìbò nínú Ìwé Mímọ́

Àwọn ọmọ Ísírẹ́lì mọ̀ ọ́n pẹ̀lú. Ìbò ni Jóṣúà fi pín ilẹ̀ Kénáánì fún àwọn ẹ̀yà. Ìbò ni àwọn atukọ̀ fi mọ̀ pé nítorí Jónà ni ìjì náà ṣe dé. Ìbò ni ó mú Sakaríà, bàbá Jòhánù Onítẹ̀bọmi, wọ inú tẹ́ḿpìlì láti sun tùràrí, ní ọjọ́ tí áńgẹ́lì pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Ní abẹ́ àgbélébùú pàápàá, àwọn ọmọ ogun ṣẹ́ gègé lórí ẹ̀wù Olúwa wa, nítorí pé ẹ̀wù náà kò ní ojú rírán, wọn kò sì fẹ́ fà á ya.

Èyí tí ó kàn wá jù lọ wà ní orí kìíní ìwé Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì. Júdásì ti lọ, ipò rẹ̀ ṣófo. Àwọn ará tí ó péjọ tó 120. Pétérù dìde, ó sọ irú ẹni tí wọ́n ń wá: ẹni tí ó ti bá wọn rìn láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì lè jẹ́rìí pé Olúwa jíǹde. Wọ́n fi ènìyàn méjì síwájú, wọ́n gbàdúrà, wọ́n dìbò, ìbò sì mú Mátíà.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìbò ni ó ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọgbọ́n orí wọn wá ẹni tí ó yẹ, wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n tó fi ìyókù sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ tún kíyè sí èyí: kí Pẹ́ńtíkọ́sì tó dé ni. Nígbà tí Ẹ̀mí Mímọ́ ti sọ̀kalẹ̀, tí àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ nítorí oúnjẹ àwọn opó, a kò gbọ́ pé wọ́n tún ṣẹ́ gègé. Àwọn Àpọ́sítélì pe ìjọ jọ, wọ́n ní kí wọ́n fi ojú ara wọn wá ọkùnrin méje tí ó ní orúkọ rere. Ìjọ sì yàn wọ́n. Ọwọ́ tí ó pa dé tẹ́lẹ̀, ojú ti là nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè kìíní nìyí. Ìjọ kọ̀ fún wa láti lọ wádìí ọjọ́ ọ̀la lọ́dọ̀ aláfọ̀ṣẹ. Ìwé Katekísímù tí ó jáde ní 1992 sọ ọ́ láìfi bò. Ṣùgbọ́n ìbò tí ìjọba ń pè wá sí kò wádìí ọjọ́ ọ̀la. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Ọ̀bẹ tí a fi pa ẹran ọdún ni a fi ń gé àlùbọ́sà. Kí obìnrin ọjà náà fi ọkàn balẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ wa ń kó bọ̀ láti ilé-ìwé

Àwọn ọmọ wa ń gbọ́ vote, voix, suffrage, scrutin, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ òṣèlú lásán ni. Ẹni tí ó bá kọ́ èdè Látìnì díẹ̀ yóò rẹ́rìn-ín, nítorí pé inú ilé Ọlọ́run ni púpọ̀ nínú wọn ti ń rìn.

Vote wá láti inú votum, èyí tí í ṣe ẹ̀jẹ́. Ibẹ̀ náà ni vœu ti wá, ẹ̀jẹ́ tí àwọn ìyá wa nínú ilé àwọn Sísítà ń jẹ́ níwájú pẹpẹ. Nítorí náà, bí a bá fi ìtumọ̀ àtijọ́ wọ̀n ọ́n, ẹni tí ó ta ìbò rẹ̀ ti ta ẹ̀jẹ́ rẹ̀.

Suffrage ni ìdìbò, òun náà sì ni orúkọ tí Ìjọ fi ń pe àdúrà àti Mísà tí a ń rú fún àwọn òkú onígbàgbọ́. Ìrànlọ́wọ́ ni ó túmọ̀ sí: ohùn tí a fi ran ẹlòmíràn lọ́wọ́. Scrutin ni yíyẹ̀wò fínnífínní. Ìrúbọ ààwẹ̀ kì í kọjá láìjẹ́ pé a ṣe scrutin mẹ́ta fún àwọn tí yóò gba Ìrìbọmi ní ọjọ́ Àjíǹde, ní ọjọ́ Olúwa kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún nínú Ààwẹ̀, kí ọkàn wọn lè mọ́. Bulletin ńkọ́? Ìwé kékeré tí a ń jù sínú àpótí ni, ìwé kékeré tí ẹ mú lọ́wọ́ yìí náà sì ni. Láti ara bulla, èdìdì tí a fi ń lẹ ìwé pa, ni ó ti wá. Ohun tí ó ní èdìdì kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣí wò lójú ọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ voix kò tilẹ̀ jìnnà sí wa rárá. Ohùn ni. Àwa náà ń sọ pé lágbájá kò lóhùn nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé ìdílé ti fohùn ṣọ̀kan, pé bàbá ti fohùn sí i. Àwọn baba wa tí wọn kò rí àpótí ìdìbò rí mọ̀ pé ìpinnu tí a kò gbọ́ ohùn gbogbo ènìyàn nínú rẹ̀, ìpinnu tí yóò tú ká ni. Ẹyin sì lohùn: bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni yóò fọ́.

Bí ohùn wa ṣe dé ọwọ́ wa

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń tẹ̀ka. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1945, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí Dahomey àti Togo fi aṣojú ránṣẹ́ sí Ìlú Paris, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn olùdìbò sí. Àwọn tí òfin kà sí ọmọ Faransé yan Fada Francis Aupiais, míṣọ́nnárì tí ó ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó kú ní Disẹ́ńbà ọdún náà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fún láàyè yan Sourou Migan Apithy, ọmọ Porto-Novo. Àwọn ìyókù dúró, wọ́n ń wòran.

Ní 1951, òfin fi àwọn ìyá kún un, ìyá tí ó bí ọmọ méjì, ìbáà jẹ́ pé àwọn ọmọ náà wà láàyè tàbí pé wọ́n kú sójú ogun fún Faransé. Ẹ ronú sí i: obìnrin ní láti fi ọmọ méjì ra ohùn kan. Ní 1956 ni wọ́n wó ògiri àárín ọ̀nà méjì náà, tí gbogbo àgbàlagbà, lọ́kùnrin lóbìnrin, wá ní ohùn kan náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Épírì 1958, àwọn ará wa ní Togo dìbò lójú àwọn aṣojú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ẹgbẹ́ Sylvanus Olympio sì wọlé.

Ìbò tún lè wà kí ó má sì sí yíyàn nínú rẹ̀. Ní Noféḿbà 1979, ní Benin, orúkọ 336 ni wọ́n kọ sórí ìwé kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni ó kọ wọ́n, wọ́n ní kí a sọ bẹ́ẹ̀ni tàbí bẹ́ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó dàgbà nínú yín rántí.

Lẹ́yìn náà ni ọdún 1990 dé. Owó oṣù kò wọlé, báńkì dákẹ́, ìbẹ̀rù kún ìlú. Láti ọjọ́ 19 títí dé ọjọ́ 28 oṣù Fẹ́búárì, àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè jókòó ní Cotonou, bíṣọ́ọ̀bù kan, Mọ́ńsẹnyọ̀ Isidore de Souza, ni wọ́n sì fi ṣe olórí àpérò náà. Ọ̀pọ̀ rò pé ẹ̀jẹ̀ yóò ta sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, ohùn ni wọ́n kà, ààrẹ Mathieu Kérékou sì gbà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Disẹ́ńbà ọdún náà, wọ́n gbé òfin ìpìlẹ̀ tuntun wá síwájú aráàlú. Wọn kò béèrè bẹ́ẹ̀ni àti bẹ́ẹ̀kọ́ nìkan. Wọ́n fi àyè ẹ̀kẹta sílẹ̀ fún ẹni tí ó fọwọ́ sí òfin náà, ṣùgbọ́n tí kò fẹ́ ààlà tí wọ́n fi sí ọjọ́ orí ẹni tí yóò jẹ ààrẹ. Ní oṣù Máàṣì 1991, Kérékou pàdánù, Nicéphore Soglo wọlé. Ní 1996, Soglo pàdánù, Kérékou padà. Ìbò gbé e lọ, ìbò gbé e bọ̀, kò sí ẹni tí ó yìnbọn.

A kò sọ èyí kí a lè yin ẹnikẹ́ni. A sọ ọ́ kí ìyá tí ó ń sọ pé "ìbò tèmi kí ni yóò ṣe?" lè mọ iye ọdún tí ó gbà kí ìbò náà tó dé ọwọ́ rẹ̀.

Ohun tí ìbò lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Ìbò ń sọ ohun tí ọ̀pọ̀ fẹ́. Kò lè sọ ohun tí ó tọ́. Pílátù bi àwọn ènìyàn léèrè lójú gbangba, ohùn tí ó pọ̀ jù sì mú Bárábà. Ní nǹkan bí ọdún 800 ni díákónì ọlọ́gbọ́n kan, Alcuin, ti kìlọ̀ fún ọba Charlemagne pé kí ó má ṣe gbọ́ ti àwọn tí ń sọ pé ohùn èrò ni ohùn Ọlọ́run, nítorí pé ariwo èrò sún mọ́ wèrè.

Síbẹ̀, Ọlọ́run lè gba ẹnu èrò sọ̀rọ̀. Ní 374, nígbà tí ìjọ Milan ń jà lórí ẹni tí yóò jẹ bíṣọ́ọ̀bù, Ambrósì tí í ṣe gómìnà wọlé láti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ìtàn sọ pé ohùn ọmọdé kan ni ó kọ́kọ́ kígbe pé òun ni kí ó jẹ ẹ́, gbogbo ìjọ sì gbà á lẹ́nu ọmọ náà. Ambrósì kò tíì gba Ìrìbọmi nígbà náà! Bẹ́nẹ́díkítì Mímọ́ náà pàṣẹ nínú Òfin rẹ̀ pé bí ọ̀ràn ńlá bá dé, kí olórí ilé pe gbogbo àwọn arákùnrin jọ, nítorí pé Olúwa a máa fi ohun tí ó dára jù hàn fún ẹni tí ó kéré jù nígbà púpọ̀. Ṣé àwọn baba wa kò ti sọ ọ́? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí rédíò kò jẹ́ kí a sinmi lórí rẹ̀: sondage. Kí á bi ènìyàn díẹ̀ léèrè, kí á lè mọ ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò. Ẹ̀yin ará etí ọ̀sà ní Porto-Novo mọ ìtumọ̀ rẹ̀ ju wa lọ. Ọlọ́kọ̀ tí ó ti ọ̀pá bọ omi láti mọ bí ó ti jìn tó, sondage ni ó ń ṣe. Ọ̀pá náà ń sọ bí omi ti jìn tó níbi tí a ti í bọ̀, ní wákàtí tí a ti í bọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, omi lè kún. Pàtàkì jù, ọ̀pá kò lè sọ èbúté tí ó yẹ kí ọkọ̀ lọ fún ọlọ́kọ̀. Nítorí náà, bí o bá gbọ́ pé gbogbo ènìyàn ń tẹ̀lé lágbájá, o ti mọ bí omi ti jìn tó. Ìwọ ni yóò ṣì mọ ibi tí o ń lọ.

Ẹ wo bí Ìjọ ṣe ń yan Póòpù, ẹ óò rí i pé ó so ìbò àtijọ́ pọ̀ mọ́ ìbò òde òní. Ní oṣù Méè 2025, Kádínà 133 wọ inú ilé tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pa, Leo Kẹrìnlá sì jáde ní ọjọ́ 8. Olúkúlùkù wọn gbé ìwé rẹ̀ lọ sí ibi pẹpẹ, ó sì fi Kristi tí yóò ṣèdájọ́ rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí pé ẹni tí òun gbàgbọ́ pé ó yẹ níwájú Ọlọ́run ni òun yàn. Ẹ̀jẹ́ nìyẹn, votum gan-an. Ta ni ó sì ń ka àwọn ìwé náà? Kádínà mẹ́ta, tí a fi gègé ṣíṣẹ́ mú nínú gbogbo wọn. Bàbá wa Kádínà Bernardin Gantin, ọmọ ilẹ̀ wa, wà nínú àwọn tí ó dìbò bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì ní 1978. Lọ́dọ̀ àwọn Kọ́ọ́bù ní Íjíbítì, ìbò àti gègé fara kan ara wọn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Noféḿbà 2012, wọ́n dìbò títí ó fi ku orúkọ mẹ́ta, wọ́n gbàdúrà, wọ́n sì ní kí ọmọdékùnrin kan tí a di lójú mú ọ̀kan. Gẹ́gẹ́ bí ti Mátíà ni: a sa gbogbo ipá ọgbọ́n wa, a sì fi ìyókù lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

Ìbéèrè kejì

A wá dé ibi tí abiamọ náà ti rẹ ohùn sílẹ̀. Kí a tó dá a lóhùn, a ní láti jẹ́wọ́ ohun kan, kí ẹnikẹ́ni má rò pé orí pẹpẹ ni a ti ń sọ̀rọ̀.

Ní ọdún kan, ọkùnrin kan tí ń wá ipò kó iyọ̀, aṣọ àti ìrẹsì wá sí àdúgbò wa. Àwa gba ìrẹsì. A sọ fún ara wa pé oúnjẹ kò mọ ẹgbẹ́ òṣèlú, àti pé bí a bá dé inú yàrá ìdìbò, ohun tí ó wù wá ni a ó ṣe. A dé ibẹ̀, ọwọ́ wa wúwo. A rántí pé àwọn ọmọ ti jẹ ẹ́ tán. A tẹ̀ka sí ibi tí ọkàn wa kò sí. Ọkùnrin náà wọlé. Afárá tí ó ṣèlérí fún wa kò dé. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ní kí kátékísì ṣíwájú àwọn lọ bi í léèrè, a ní ara wa kò yá. Ara wa yá. Ojú ni ó ń tì wá. Ẹnu tí ó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Ọ̀sẹ̀ kan ni a fi jẹ ìrẹsì, ọdún púpọ̀ ni àwọn ọmọ wa fi ń wọ́dò lọ sí ilé-ìwé.

A sọ èyí nítorí pé ohun kan náà ni ẹni tí ó fi ìrẹsì mú ọwọ́ wa àti ẹni tí ó fi àṣẹ mú ọwọ́ aya rẹ̀ ṣe. Wọ́n ṣí ìkúùkù ẹlòmíràn.

Ìyá, ìdáhùn wa nìyí. Ìwọ kò dẹ́ṣẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ 1990, ní ẹsẹ̀ kẹfà rẹ̀, sọ pé ìbò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, pé ó dọ́gba, pé àṣírí ni. Nínú ìwé tí àwọn bàbá Kónsílì Vatican Kejì kọ ní 1965 lórí Ìjọ nínú ayé òde òní, wọ́n rán gbogbo aráàlú létí pé ẹ̀tọ́ wọn ni láti dìbò pẹ̀lú òmìnira, ojúṣe wọn sì ni, fún ire gbogbo ènìyàn. Wọn kò sọ pé ọkùnrin nìkan. Láti dákẹ́ lórí ohun tí ó yẹ kí ó wà ní bíbò kì í ṣe irọ́. Bí wọ́n bá bi ọ́, o lè fi ọ̀wọ̀ dáhùn pé, "Mo ti dì í, bàbá àwọn ọmọ," kí o sì lọ gbé omi iná ka.

Ṣùgbọ́n má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìjà. Fi pẹ̀lẹ́tù béèrè káàtì rẹ lọ́jọ́ tí inú wọn bá dùn. Bí wọn kò bá fún ọ, wá àgbà kan nínú ilé tí wọ́n máa ń gbọ́ tirẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ. Bí a bá nílò rẹ̀, àwa náà yóò wá, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ ohun tí a bá wá.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má bínú sí wa. A mọ̀ pé ẹ ó ka ojú ewé yìí, a sì mọ̀ pé kì í ṣe ọkùnrin kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú káàtì aya rẹ̀. Ẹ̀yin ni olórí ilé, a kò jiyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n olórí tí ó ní ohùn mẹ́ta nínú ilé, tí ó sọ ọ́ di ọ̀kan, ṣé ilé rẹ̀ ti lágbára sí i ni? Bí èrò yín bá dára, ẹ sọ ọ́ lórí oúnjẹ alẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó sọ tirẹ̀, kí ọmọ tí ó ti pé ọdún 18 sọ tirẹ̀. Ẹ lè yí wọn lọ́kàn padà, wọ́n sì lè yí yín lọ́kàn padà. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ náà, kí olúkúlùkù wọ inú yàrá pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ àti Ọlọ́run. Ìmọ̀ràn ni kí ẹ fún wọn, ẹ má gba ìka wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nínú ìjọ pẹ̀lú. Bí a bá ń yan ìgbìmọ̀ ìjọ, tí a ní kí gbogbo ènìyàn nọ́wọ́ sókè lójú àwọn tí ń wá ipò, ta ni yóò fi ọwọ́ sílẹ̀ níwájú ẹni tí ó jẹ lówó? Bébà kékeré àti agbọ̀n kò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i kí a tó tún yan ìgbìmọ̀ mìíràn.

Fún ìjíròrò nínú ìdílé lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bi ara yín ní ohun mẹ́ta. Èkíní: nígbà tí a ṣe ìpinnu ńlá kẹ́yìn nínú ilé wa, ohùn ta ni a kò gbọ́? Èkejì: ṣé nǹkan kan wà lọ́wọ́ wa lónìí tí kì yóò jẹ́ kí a lè sọ òdodo lọ́la? Ẹ̀kẹta: káàtì kálukú, ibo ni ó wà?

Ẹ rí i bí ibo ṣe tún pàdé ìbò. Ó dìgbà kan ná. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọkàn tí ó mọ ohun tí ó tọ́, àti ọwọ́ tí kò ní gbọ̀n nígbà tí ó bá ń yàn án. Àmín.